Orílẹ̀-èdè tí kò gba ráálì àgbáyé lálejò rí: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Eruku

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ kékeré kan. Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń ṣe ráálì tiwa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, gbogbo ìje inú rẹ̀ kò ju 60 kìlómítà lọ, ọkọ̀ tó wá lọ́dún yìí sì jẹ́ 19. Nígbà tí a parí, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wá wòran fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Kí ló dé tí àwa náà ò fi lè gba WRC, ìdíje ráálì àgbáyé, lálejò? Ṣé ọ̀nà la ò ní ni?" Ó ní kí n kọ ojú ìwé méjì wá, kí n ṣàlàyé ohun tó máa gbà.

Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi dáadáa mọ́. Mo mọ èyí tí gbogbo ayé mọ̀: pé ráálì Safari ilẹ̀ Kẹ́ńyà kúrò nínú ìdíje náà lẹ́yìn ọdún 2002, kó tó padà wọlé ní 2021, pé Estonia wọlé ní 2020, Croatia ní 2021, Latvia ní 2024, Paraguay àti Saudi Arabia ní 2025. Ilẹ̀kùn ò tì pa nígbà náà. Ibi tí èèyàn ti ń kàn án gan-an ni n ò mọ̀. Ṣé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni, àbí ọ̀nà? Ṣé FIA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé, la máa kọ̀wé sí, àbí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìdíje náà? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tiẹ̀ ń sọ pé ká kọ́kọ́ pe àwọn Dakar, pé ìyẹn ló rọrùn.

Ọ̀nà kan wà tí mo ní lọ́kàn. Kìlómítà 18 ni. Inú igbó ló gbà kọjá, erùpẹ̀ pupa ni láti òkè délẹ̀, kọ́nà rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn, afárá tóóró kan sì wà láàárín rẹ̀. Mo ti gba ibẹ̀ tó ìgbà ogún, mi ò sì tíì rí ọ̀nà tó wù mí tó o.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí ráálì ńlá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Táyà Mẹ́rin

Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ kú ìrònú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Dakar kúrò nílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ara WRC rárá. Ìrìn àjò aṣálẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn tó ń sá a sì ń wá ọ̀nà fúnra wọn ni. Ní WRC, abala ọ̀nà tí wọ́n ti dí pa ni ọkọ̀ ń sá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ti yẹ ọ̀nà náà wò ṣáájú, wọ́n á kọ gbogbo kọ́nà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé Dakar rọrùn, kó rántí pé wọ́n fagi lé ti ọdún 2008 nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ku ọ̀la, nítorí ètò ààbò ní Mauritania. Láti 2009 ló ti kúrò ní Áfíríkà lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, kó tó lọ sí Saudi Arabia ní 2020.

Ní ti ẹni tí ẹ máa kọ̀wé sí: ènìyàn méjì ni wọ́n, ẹ sì nílò àwọn méjèèjì. FIA ló ni òfin àti ààbò. WRC Promoter tó wà ní Munich, tó ti ń ta ìdíje náà láti 2013, ló ni ọ̀rọ̀ àdéhùn, tẹlifíṣọ̀n àti ipò nínú kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ò lè ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tiyín jáde. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni FIA máa ń mọ̀ fún eré ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹnu ẹgbẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ̀yin àti wọn ò bá rẹ́, ẹ tètè lọ parí ìjà.

Owó ńkọ́? Ó pọ̀, ìjọba ló sì sábà máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú igbó ò ní géètì bíi pápá bọ́ọ̀lù. Òǹwòran lè gba ọ̀nà ẹsẹ̀ èyíkéyìí wọlé, nítorí náà owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ò lè gbé ráálì. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀ gbangba, kí ọ̀gá yẹn má lọ rò pé èrè ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ìyá Aago

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń dúró nídìí aago ní ráálì, nílé àti lẹ́yìn odi. Èmi ni obìnrin tó ń gba káàdì àkókò lójú fèrèsé ọkọ̀, tó ń kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú sí i, tó sì ń dá a padà. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni wọ́n á fi kún àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan yá jù, odindi ìṣẹ́jú kan ni. Bó o bá jẹ́ ọ̀gá àwọn awakọ̀ ayé, bákan náà ni.

Táyà Mẹ́rin sọ òótọ́ nípa owó. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni n óò sọ ní tèmi.

Lọ́dún kan, wọ́n pè mí pé kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi ráálì ìdánwò. Èyí ni ráálì tí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ wọ inú WRC máa ń ṣe kí FIA lè rán èèyàn wá wo bí wọ́n ṣe múra sí. N ò ní dárúkọ ibi tó jẹ́. Owó wà nílẹ̀. Ọ̀nà wọn dára débi pé àwọn awakọ̀ ò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí aago mi. Ẹni tí FIA rán dé ìbẹ̀rẹ̀ abala kẹrin láàárọ̀, kí ọkọ̀ ìje kankan tó dé. Mo ti to aago mi kalẹ̀, mo ti to káàdì, mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ó kí mi, ó kọjá. Ó rìn wọ inú abala tó bí ọ̀ọ́dúnrún mítà, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ó bá ọmọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì marshal, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà àti èrò. Jákẹ́ẹ̀tì náà tóbi jù ú, ó ti ká ọwọ́ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà bi í: "Bí ọkọ̀ bá dojú dé níbí yìí, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó wo rédíò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á sáré lọ fà wọ́n jáde. Ọkùnrin náà rọra gba rédíò yẹn, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rí i pé wọn ò tíì tàn án láti àárọ̀. Ó tàn án, ó dá a padà fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà kan péré sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́sàn-án, nígbà tó yẹ kí wọ́n sá abala náà lẹ́ẹ̀kejì, èrò ti pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Wọ́n lọ dúró sí ẹ̀yìn kọ́nà, ní apá ibi tí ọkọ̀ máa ń já sí bí táyà bá yọ̀. Rédíò kẹta ké sí ọ̀gá abala, wọ́n dá ìje dúró. Ọkọ̀ méje ló tò síwájú mi, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, àwọn tó wà nínú rẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ ohun tó kàn. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Marshal tó wà ní kọ́nà yẹn ò pé márùn-ún, kò sí ọlọ́pàá nítòsí, àwọn èrò ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí àwọn kúrò. Wọ́n fagi lé abala náà. Orílẹ̀-èdè yẹn ò tíì wọ inú kàlẹ́ńdà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

N ò bínú sí ọmọ yẹn rárá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ kó sọ ò le: kó ké sí rédíò ọ̀gá abala, kó sọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tó wà, kó wò ó bóyá àwọn inú ọkọ̀ gbé pátákó OK tàbí SOS sókè, kó má sáré wọ ojú ọ̀nà, torí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e lè ti wà lórí eré. Bí ara àwọn inú ọkọ̀ bá le, àwọn fúnra wọn ló máa lọ gbé igun mẹ́ta pupa sẹ́yìn ọkọ̀, ó kéré tán 50 mítà. Àsíá pupa ńkọ́? A kì í gbé e sókè àfi tí àṣẹ bá ti ọ́fíìsì tó ń darí ráálì wá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí owó ń rà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ráálì. Wọ́n ní láti ṣe é ní ráálì kékeré lọ́dún àkọ́kọ́, kejì, kẹta, títí yóò fi mọ́ wọn lára.

Ìdí tí FIA fi ń wo èrò ju ọ̀nà lọ kò jìnnà. Ní 1986, ní ráálì ilẹ̀ Portugal, ọkọ̀ Ford RS200 tí Joaquim Santos ń wà já wọ àárín òǹwòran. Èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì kó ọkọ̀ wọn kúrò nínú ráálì náà. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, Henri Toivonen àti Sergio Cresto kú ní Corsica. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fòpin sí ọkọ̀ Group B, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ìje tó lágbára jù lọ nígbà náà. Ní ayé òde òní náà, ní ráálì Monte-Carlo ti 2017, òǹwòran kan kú ní abala àkọ́kọ́ gan-an. Michèle Mouton, obìnrin kan ṣoṣo tó tíì gba ráálì WRC rí, ni FIA gbé ọ̀rọ̀ ààbò ráálì lé lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti fi eré gidi gba àárín èrò ọjọ́un kọjá ni. Bó o bá dúró síbi tí n máa ń dúró, tó o rí ojú awakọ̀ tó padà wá sọ pé, "Èrò wà lójú ọ̀nà níbẹ̀ yẹn," wàá mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn náà.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ojú ìwé méjì yẹn, n ò ní fi àwòrán ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Iye èèyàn tí a ti kọ́ ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

Kó o sì wo bí àwọn tó wọlé ṣe wọlé. Láti 2010 ni wọ́n ti ń ṣe ráálì Estonia. Wọ́n ti sá a nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ti pọ̀ ní èrò kí WRC tó dé ibẹ̀ ní 2020. Nígbà tó dé, ọmọ bíbí wọn, Ott Tänak, ló gbà á. Latvia náà ti ń gbé ráálì Liepāja ṣe nínú ìdíje Yúróòpù láti 2013, kí ti WRC tó dé ní 2024. Kẹ́ńyà, tí àtètèkọ́ṣe Safari rẹ̀ jẹ́ ọdún 1953, tó ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ní kó kọ́kọ́ ṣe ráálì ìdánwò ní 2019. Àrùn Kòrónà ò jẹ́ kí ti 2020 wáyé, ó wá di 2021. Bí wọ́n bá dán Safari wò, ta wá ni àwa?

Ráálì WRC kan, nǹkan bíi 300 kìlómítà ni ìje inú rẹ̀, láì ka ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láti abala kan dé èkejì. Tìrẹ jẹ́ 60. Má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n má fo àtẹ̀gùn. Ẹ lọ wọ ìdíje àgbègbè yín ná. Ẹ pe àwọn alábòójútó láti òkèèrè wá wo iṣẹ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìdánwò dé.

Akọ̀wé Eruku

Ìyá Aago, mà, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti fi àwòrán ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, mà. Mo ti ya gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà ṣe ń fún àwọn èèyàn wa ní jákẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè méjì ló kù sí mi lẹ́nu. Àkọ́kọ́, báwo ni ọkọ̀ àti ẹrù wọn ṣe ń dé orílẹ̀-èdè tó jìnnà? Èkejì, àwọn abúlé mẹ́ta ló wà létí ọ̀nà 18 kìlómítà tí mo sọ yẹn. Báwo la ṣe ń ti ọ̀nà mọ́ èèyàn lójú láìdá ìjà sílẹ̀?

Bàbá Kọ̀ntéénà

Ọmọ mi, ti ẹrù ni n óò dáhùn, iṣẹ́ mi nìyẹn láti ìgbà èwe.

Nílẹ̀ Yúróòpù, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó gbogbo nǹkan lọ. Bí ó bá ti di òkè òkun, ọkọ̀ ojú omi ni, ẹrù á sì ti kúrò lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ráálì. Wo Jordan ní 2011. Ẹrù ò tètè dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdánù odindi ọjọ́ ìje àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì tó kù ni wọ́n fi sá ráálì, Sébastien Ogier sì fi ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo borí Jari-Matti Latvala. Àwọn èèyàn máa ń rántí ìdá méjì yẹn. Ọjọ́ tó ṣòfò ni èmi máa ń rántí.

Ohun tó yẹ kí ìjọba yín ṣèlérí lórí ìwé ni pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yóò gba ẹrù tó ń wọlé fún ìgbà díẹ̀, tí yóò tún padà jáde, láìgba owó orí lórí ẹ́ńjìnnì àti táyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tà wọ́n. Kí orúkọ ẹni kan pàtó wà lẹ́nu ibodè àti ní èbúté tí wọ́n lè pè lóru. Mo ti rí kọ̀ntéénà kan tó jókòó ní èbúté fún ọjọ́ mọ́kànlá nítorí pé ìwé tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ àti èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà fi lẹ́tà kan yàtọ̀ síra. Lẹ́tà kan o! Bó bá jẹ́ ráálì ni, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé àṣẹ fún rédíò wọn, àti àṣẹ kí hẹlikọ́pítà ìtọ́jú àti ti tẹlifíṣọ̀n lè fò. Iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní àṣẹ wọ̀nyí sábà máa ń yàtọ̀ síra, ọ̀kan kì í sì í mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Ojú ọjọ́ náà ńkọ́? Ní 2016, WRC fẹ́ padà sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ìkún omi ba ọ̀nà jẹ́ nígbà tí ọjọ́ ti ń sún mọ́, wọ́n sì fagi lé e. Ẹ yan oṣù yín pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ìyá Aago

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ku ti abúlé.

Àbúrò mi, kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Wo bí Kẹ́ńyà ṣe ṣe é nígbà tó padà. Safari ayé àtijọ́, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni wọ́n ń sá, láìdí i pa, tí hẹlikọ́pítà á máa fò níwájú kó lè kìlọ̀ nípa ọkọ̀ àti ẹran. Èyí tó padà wá ní 2021 fìdí kalẹ̀ sí Naivasha. Abala tí wọ́n dí pa ni gbogbo rẹ̀, díẹ̀ lára wọn sì wà nínú ilẹ̀ ńlá bíi Soysambu, níbi tó jẹ́ pé onílẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà inú igbó gẹdú náà dára fún ìdí kan náà, ohun tí Chile ní lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tó wọlé ní 2019. Níbi tí abúlé bá wà, ìlẹ̀kùn dé ìlẹ̀kùn ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó máa lọ sọ fún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè padà wá lẹ́yìn ráálì láti wá wo ògiri tó wó tàbí ọgbà tí ọkọ̀ já wọ̀.

Ní ráálì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n pín ìwé fún àwọn ará abúlé pé ọ̀nà yóò ṣí ní aago méjì ọ̀sán. Ìje pẹ́. Aago méjì kọjá, ọkọ̀ ṣì ń bọ̀. Bàbá kan da màlúù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà gẹ́lẹ́ ní aago méjì, ó na ìwé yẹn sí mi, ó fi ìka sí nọ́ńbà náà. Kí ni n bá wí? Òun ló jàre. Èmi àti ọmọbìnrin marshal kan la jókòó tì í títí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn, ìyẹn ọkọ̀ tó máa ń gbá ojú ọ̀nà mọ́ lẹ́yìn ìje, fi kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ pé "títí ọkọ̀ báyìí báyìí yóò fi kọjá", kí wọ́n sì ya àwòrán ọkọ̀ náà síbẹ̀.

Wọ́n á tún bi ọ́ pé aláìsàn ńkọ́, aboyún ńkọ́? Kí ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ. A máa ń dá ìje dúró. Ẹ̀mí ènìyàn ṣáájú ìje, kí ọ̀gá abala sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Ó tún ku nǹkan kan, òun ló sì mú mi padà wá síbí lóru yìí. Afárá tóóró yẹn. Nínú òfin ààbò, ọkọ̀ ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ abala, àlàfo láàárín ibùdó ìtọ́jú kan àti èkejì kò sì gbọdọ̀ ju 15 kìlómítà lọ. Tìrẹ jẹ́ 18, nítorí náà o nílò òmíràn láàárín. Àwọn ọkọ̀ yìí sì máa ń rìn bí ìje ṣe ń lọ ni, wọn kì í dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ ìje bá wá dábùú sórí afárá yẹn ńkọ́, tí ẹlòmíràn sì fara pa níwájú rẹ̀? Ta ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti ibo? Rédíò gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo kìlómítà márùn-ún, ó kéré tán. Ṣé rédíò ń gbọ́ ara wọn nínú igbó yẹn?

Lọ sí ọ̀nà náà. Má wa ọkọ̀. Fẹsẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mú ìwé dání, kó o ka gbogbo oríta, gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀, gbogbo ibi tí ọmọdé lè gbà yọ sójú ọ̀nà. Kó o wá wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà tó yí afárá náà ká. Lẹ́yìn náà, wá sọ fún mi.

Akọ̀wé Eruku

Mà, mo ti lọ. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mi ò rìn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ nítorí pé mò ń dúró kọ nǹkan.

Ẹnu ọ̀nà 43 tó yọ sójú ọ̀nà náà ni mo kà. Nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀, mi ò bá ti búra pé wọn ò ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan wà lẹ́yìn kọ́nà tí mo fẹ́ràn jù lọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró tí koríko bò. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń gba ibẹ̀ lọ sílé, mo pàdé mẹ́rin nínú wọn.

Ní ti afárá, ọ̀nà gẹdú àtijọ́ kan wà lápá òsì tó yọ sí kìlómítà méjì lẹ́yìn rẹ̀. Igi ti wó dí i. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ní òun ò kọ̀ ká tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbà. Rédíò wa kú láàárín kìlómítà keje sí ìkẹsàn-án. A ní láti gbé ẹnì kan sórí òkè tó wà níbẹ̀ tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ti ìsàlẹ̀, tí yóò máa sọ ọ́ síwájú.

Mo ti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́, mà. Mo ti sọ fún ọ̀gá yẹn pé kì í ṣe WRC la máa kọ̀wé sí lọ́dún yìí. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ wa la máa lọ bá, pé kí wọ́n bá wa wá ààyè nínú ìdíje àgbègbè. Inú rẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn. Nígbà tí mo fi iye ẹnu ọ̀nà yẹn hàn án, ó dákẹ́, ó wá ní kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá.

Èèyàn mẹ́jọ ló ti fi orúkọ sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ marshal. Sátidé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rédíò, bí wọ́n ṣe ń tàn án àti ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Ìbéèrè ọkùnrin yẹn ni n óò fi ṣí i.